Tẹ Dùrù

Ọ̀sẹ̀ tí ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀ ni mo gbé kíbọ́ọ̀dù kan kalẹ̀ sórí tábìlì ní ilé bàbá mi ní Òkè-Ọdẹ. Iná ti lọ láti ìdájí, bátìrì ni mo fi sí i. Orin Bach kan ni mò ń fi kọ́ra, èyí tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 639 nínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀, orin kúkúrú tí kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ó tó parí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tí ó gbọ́ ọ títí, ó bi mí léèrè:

“Ṣé dùrù ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn?”

“Orin rẹ̀ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá. Nǹkan tí ó wà lọ́wọ́ mi yìí kì í ṣe dùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Pìánò ni wọ́n fi í jọ.”

“O ń tẹ̀ ẹ́, àbí o ò tẹ̀ ẹ́?”

“Mò ń tẹ̀ ẹ́, Ìyá.”

“Dùrù náà ni.”

Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Èmi ò lè padà sídìí orin mi bẹ́ẹ̀. Ọ́gàànù ni Bach kọ orin yẹn fún, ọ́gàànù ńlá onífèrè tí ń gba afẹ́fẹ́ sínú. Ọmọ Ítálì kan, Ferruccio Busoni, ló gbé e wá sórí pìánò pẹ̀lú mẹ́sàn-án mìíràn irú rẹ̀, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1898. Láti ìgbà náà ni àwọn olórin ti ń bá ara wọn jiyàn. Àwọn kan ní kí a fi orin ọ́gàànù sílẹ̀ fún ọ́gàànù. Àwọn mìíràn ní kò sí ibi tí orin dára dé tí kò lè bá ẹlòmíràn gbé. Ìyá kò bi mí ohun tí ó wà nínú àpótí náà, bóyá fèrè ni tàbí okùn. Ìka mi ló ń wò, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló sì fi dá ẹjọ́ náà.

Èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó kárí gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe kí ohun-èlò orin tó dún. Ohun tí ara ń ṣe sí i gan-an ni a ń wí. A ń lu ìlù, a ń lu agogo. A ń fọn fèrè, a ń fọn kàkàkí. A ń ta mólò, a ń ta gìtá. Ẹni tí kò rí kàkàkí rí, tí ó bá ti gbọ́ “fọn”, ó ti mọ̀ pé èémí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá wá fi òfin yìí wo inú àwọn dùrù wa, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ wa lójú. Afẹ́fẹ́ ló ń gba inú fèrè ọ́gàànù kọjá, fífọn ló yẹ kí a máa fọn ọ́n. Òòlù kéékèèké tí a fi irun àgùntàn bò lórí ló ń lu okùn irin nínú pìánò, lílù ló yẹ kí a máa lù ú. Ìbátan kàkàkí ni ọ̀kan, ìbátan ìlù ni èkejì. Àmọ́ nígbà tí àwọn baba wa kọ́kọ́ rí wọn, inú wọn kọ́ ni wọ́n wò. Wọ́n rí ẹni tí ó jókòó, tí ìka rẹ̀ ń lọ sókè sódò lórí àwọn ohun funfun àti dúdú, wọ́n ní: ó ń tẹ̀ ẹ́.

Dùrù fúnra rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò kí ó tó dé ibẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ní Jẹ́nẹ́sísì orí 4, ẹsẹ 21, Júbálì ni a pè ní baba gbogbo àwọn tí ń lo dùrù àti fèrè. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ní háàpù àti ọ́gàànù ní ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn ògbufọ̀ wa fi dùrù dúró fún háàpù, wọ́n sì fi fèrè dúró fún ọ́gàànù. Nígbà yẹn, ohun olókùn ni dùrù. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, hàmóníọ̀mù wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ́gàànù tẹ̀lé e, orúkọ tí ó jẹ́ ti okùn sì bọ́ sára ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbé dún. Lẹ́yìn náà ni pìánò dé sí pálọ̀ àwọn olówó, dùrù tún padà sára okùn. Ọ̀nà tí orin Bach gbà dé orí tábìlì mi ni orúkọ náà ti gbà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ló kù tí a fi lè dá wọn mọ̀. Bí ẹnì kan bá ní Dáfídì ta dùrù, ojú wa rí ọmọkùnrin olùṣọ́-àgùntàn pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Bí ó bá ní ó tẹ dùrù, Dáfídì ti wọ aṣọ akọrin nìyẹn, ó ti jókòó sínú kátídírà.

Mi ò ní gbìyànjú láti tú dùrù sí wẹ́wẹ́. Ìgbómìnà ni mí, mo mọ bí ó ti ń wù wá tó láti fọ́ ọ̀rọ̀ kí a sì rí ìtàn nínú rẹ̀. A gbà pé orúkọ wa fúnra rẹ̀ ti inú “ògbó mọ̀nà” wá, ìyẹn ògbó, irin bí àdá, tí ó mọ ọ̀nà tí ó sì ń la igbó níwájú àwọn tí ó tẹ ìlú wa dó. Mo fẹ́ràn ìtàn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní ibi tí irin lè gbà wọlé, mo sì gbà pé dùrù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Ohùn ìsàlẹ̀ ló ni tẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè díẹ̀, á dúró ní àárín: tẹ dùrù, tẹ ìwé, tẹ yanrìn. Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀lé e, á wà nísàlẹ̀ níbi tí ó wà: tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ tẹ́ olóhùn òkè, tí ó jẹ́ ti ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ àti ti ẹni tí ó tẹ́ lójú ayé. Tẹ̀ tí mò ń wí ni pé kí a gbé ìwúwo lé nǹkan títí yóò fi rẹlẹ̀ tàbí títí àmì yóò fi hàn lára rẹ̀. Atẹ̀wé ń gbé ìwúwo irin lé tákàdá. Áfáà tí ń tẹ yanrìn ń fi ìka sàmì sórí iyanrìn. Babaláwo ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n. Àwọn tí ó tẹ Òkè-Ọdẹ dó, ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé lélẹ̀, wọn kò sì gbé e mọ́. Tẹríba wà níbẹ̀, orí tí a tẹ̀ wálẹ̀.

Nínú tẹ̀dó ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìwúwo wà nínú tẹ̀, ìdúró sì wà nínú rẹ̀. Lù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí ó bá lu ìlù ti kúrò níbẹ̀ kí ohùn tó dé etí. Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ti ká ọwọ́ rẹ̀ padà, ẹni tí ó tẹ ilẹ̀kùn ṣì wà lára rẹ̀.

Lórí ọ́gàànù, tẹ̀ pé pérépéré. Bí ìka bá rẹlẹ̀, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣí lábẹ́ fèrè, ohùn jáde, ó sì wà bẹ́ẹ̀ láìdínkù títí ìka yóò fi kúrò. Bí o tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán, bí o tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fọwọ́ kan ọmọ tuntun, ohùn kan náà ni. Lórí pìánò, ìka tẹ̀, ṣùgbọ́n lù ni inú àpótí ń lù. Òòlù fò, ó kan okùn, ó ṣubú padà, kódà bí ìka bá ṣì wà nílẹ̀. Láti ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ohùn ti ń kú lọ. Ẹni tí ó bá gbé orin ọ́gàànù wá sórí pìánò, ohun tí ó ń béèrè ni pé kí lù ṣe iṣẹ́ tẹ̀. Gbogbo làálàá wa wà níbẹ̀.

Ìyá gbọ́ èyí kí n tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí mo tún orin náà bẹ̀rẹ̀, ó ní:

“Ti ṣọ́ọ̀ṣì a máa dúró dè wá. Èyí kì í dúró.”

Hàmóníọ̀mù ìgbà èwe rẹ̀ ló ń wí, èyí tí olùtẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ kì í sáré kọrin. Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹni tí ó wà lẹ́yìn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀, dùrù á sì dúró sórí ohùn kan náà títí gbogbo wọn yóò fi péjọ. Pìánò kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Olùtẹ̀ ló ní láti ní in fún un.

Bọ́tìnì kan wà lára kíbọ́ọ̀dù mi tí ó lè sọ ohùn rẹ̀ di ti ọ́gàànù. Mo tẹ̀ ẹ́ kí Ìyá lè gbọ́. Ohùn dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin dìdàkudà. Ìdí ni pé Busoni ti kọ ọ́ fún ohùn tí ń kú. Nínú àwọn orin ńlá bíi Toccata ti nọ́mbà 565, ó ń kó ohùn méjì-méjì lé ara wọn ní ọwọ́ òsì, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, èkejì ní òkè rẹ̀, nítorí pé ní ọ́gàànù, olùtẹ̀ lè fa kọ́kọ́rọ́ mélòó kan kí ìtẹ̀ kan ṣoṣo jí fèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gígùn àti kúkúrú, lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ọ́gàànù ń ṣe fúnra rẹ̀, ìka ni Busoni fi ṣe é. Bí o bá wá dá iṣẹ́ ìka yẹn padà sí ohùn ọ́gàànù, ẹrù á pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Mo pa bọ́tìnì náà, mo padà sí pìánò.

Ohùn mẹ́ta péré ló wà nínú 639. Ọwọ́ ọ̀tún ń kọ orin ìyìn náà díẹ̀díẹ̀ lókè, ọwọ́ òsì ń rìn wéréwéré ní àárín, ẹsẹ̀ ń tẹ ohùn ìsàlẹ̀ ní ìwọ̀n kan bí àyà tí ń mí. Inú ìwé tí a ń pè ní Orgelbüchlein, Ìwé Ọ́gàànù Kékeré, ló wà. Weimar ní Jámánì ni Bach ti kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, láàárín 1708 sí 1717. Orin 164 ló là sílẹ̀, 46 ló kọ. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ pé ìwé náà wà fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ó lè mọ ẹsẹ̀ í lò dáadáa. Ìwé tí a kọ láti kọ́ ẹsẹ̀ ni mo ń fi ọwọ́ nìkan tẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ òsì mi ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀, kò sí ọwọ́ tí ó kù fún ohùn àárín, àfi kí ọ̀tún pín ara rẹ̀ sí méjì: ìka kékeré ń kọrin lókè bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé, àtàǹpàkò àti àwọn tí ó súnmọ́ ọn ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ìyàtọ̀ ìwúwo láàárín wọn, kò sì tíì tó mi.

Níbí ni pìánò ti rí nǹkan san padà. Yorùbá ní tẹnumọ́, ìyẹn ni pé kí a tẹ ẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan kí ó lè hàn ju èkejì lọ. Ọ́gàànù kò lè fi ìka tẹnumọ́ ohunkóhun. Pìánò lè ṣe é. Ìka kékeré mi lè sọ fún olùgbọ́ pé ọ̀rọ̀ ibí yìí ni kí o dì mú, láìjẹ́ pé mo fa kọ́kọ́rọ́ kankan. Mo gbà tọkàntọkàn pé orin Bach ń sọ nǹkan mìíràn fún wa báyìí, nǹkan tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí fèrè kò lè mú jáde.

Ọ̀nà tí àwọn olọ́gàànù ń gbà tẹnumọ́ nǹkan ló sì kọ́ mi ní ohun tí àwọn olùkọ́ pìánò mi kò kọ́ mi. Nígbà tí wọn kò lè fi ìwúwo ṣe é, wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe é. Wọ́n á gbé ìka kúrò lórí ohùn tí ó ṣáájú, kí ó yá díẹ̀, kí àlàfo bíńtín wà, ohùn tí ó kàn á sì bọ́ sí gbangba. Gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ wọn ló wà nínú ìgbà tí a gbé e. Àwa ọmọ pìánò kì í bìkítà nípa gbígbé, nítorí ohùn ti ń kú lọ lọ́nà tirẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí gbígbé ìka mi bí mo ti ń fetí sí títẹ̀ rẹ̀ ni orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní èémí.

Ọmọ mìíràn tí tẹ̀ bí ni tẹ̀lé: kí a tẹ ẹsẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ ẹni tí ó ṣáájú. Bí mo bá ní kí n sọ ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní fugue fún ọmọ kékeré ní Òkè-Ọdẹ, n kò ní wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Ohùn kan jáde nílé, ó ń lọ. Èkejì jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, ẹ̀kẹta tẹ̀lé e, ẹni àkọ́kọ́ kò sì dúró. Lórí ọ́gàànù tí ó ní àtẹ méjì tàbí mẹ́ta àti ti ẹsẹ̀, olúkúlùkù lè ní ọ̀nà tirẹ̀. Lórí pìánò, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ni gbogbo wọn ń rìn. Franz Liszt gbé mẹ́fà nínú irú àwọn orin ńlá Bach bẹ́ẹ̀, nọ́mbà 543 sí 548, wá sórí pìánò kí wọ́n tó bí Busoni, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan kún wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìkóra-ẹni-níjàánu yẹn. Síbẹ̀, ti Busoni ló ń wọ̀ mí lára, bóyá nítorí pé ó gbà pé ohun tí ó sọnù kò ní padà wá láìjẹ́ pé a wá nǹkan sí ipò rẹ̀. Ní 1907 ó kọ ọ́ sínú ìwé kan pé láti ìgbà tí olórin bá ti kọ orin rẹ̀ sórí tákàdá ni ó ti gbé e kúrò níbi tí ó wà. Bach fúnra rẹ̀ kò kọ̀ láti gbé orin kúrò níbi tí ó wà: ó gbé orin olókùn Vivaldi sórí ọ́gàànù, ó sì tún gbé orin kan láti inú kantata tí ó kọ ní 1731 sórí rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, irú gbígbé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú àwọn ọ̀gá olórin nìkan. Thomas Ekundayo Phillips jókòó sídìí ọ́gàànù Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 dé 1962. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, tí wọ́n bí ní 1905, ti kọ́ iṣẹ́, kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń tẹ pìánò jáàsì, tí ó sì gba oyè ńlá àwọn olọ́gàànù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1943. Ayo Bankole, tí wọ́n bí ní Jọ́ọ̀sì ní 1935, tẹ ọ́gàànù dé Cambridge. Wọ́n fi orin Yorùbá kọ iṣẹ́ fún ọ́gàànù, ti Sowande tí ó pè ní Oyígíyigì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó dàgbà ní ìlú tí fèrè ńlá wọ̀nyẹn kò sí, pìánò ni ọ̀nà, tàbí kíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni Bach gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò gbé orin náà kúrò nílé rẹ̀ láti fi ṣe fọ́ńté. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀ fún mi nìyẹn.

A kì í ṣe àlejò sí irú gbígbé bẹ́ẹ̀. Onídùndún ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sórí awọ. Ó fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì sílẹ̀, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nìkan ló kó, ó ń fún àwọn okùn awọ ẹ̀gbẹ́ ìlù kí wọ́n lè yọ́ bí ohùn ènìyàn ti ń yọ́. Olùgbọ́ tí ó mọ èdè ló ń dá ìyókù padà sínú rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ẹni tí ó ní ìlù jí ọ̀rọ̀ gbé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá ti bó ẹ̀gúsí tán, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó ní kí n tún tẹ ibi tí ó ń rẹlẹ̀ yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń wo abẹ́ tábìlì.

“Kí ni ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ̀?”

Ìlọrin ni mo gbàgbé pẹ́dàlì kíbọ́ọ̀dù sí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń tẹ símẹ́ǹtì láti àárọ̀, èmi ò mọ̀.

“Ilẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ó ń dún?”

“Kò dún.”

“Máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀,” ó ní.

Mo tẹ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ohùn ìkẹyìn, mo fi àwọn ìka mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ bí ó ti ń tán lọ títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ ju ẹyẹ tí ń wọlé sórí igi ẹ̀yìnkùlé, n kò sì tíì gbé wọn.